Ta Ní Ń Rán Ẹ̀fọn Níṣẹ́?

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Pọ́bẹ̀, ní Ṣàkẹ́tẹ́ àti ní gbogbo abúlé tó wà láàárín wọn, ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn ni a fẹ́ bá yín sọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé: "Ẹ̀fọn kẹ̀? Kí ni a kò tíì gbọ́ nípa ẹ̀fọn?" Lóòótọ́ ni. A ti gbọ́ pé ẹ̀fọn ní ń gbé ibà kiri. A ti gbọ́ pé kí a máa sùn sábẹ́ àwọ̀n. Ṣùgbọ́n inú ikùn ẹ̀fọn àti inú orí rẹ̀ ni a fẹ́ wò lónìí. A fẹ́ mọ ohun tó ń sọ fún un pé, "Dìde, lọ wá ẹ̀jẹ̀," àti ohun tó ń sọ fún un pé, "Ó tó, lọ jókòó." Ẹni tó bá mọ èyí yóò mọ bí ibà ṣe ń ti ara ọmọ kan bọ́ sí ara ọmọ mìíràn, yóò sì mọ ibi tí a ti lè dá a lọ́nà.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀fọn ní ń mu ẹ̀jẹ̀. Akọ ẹ̀fọn kò mu ẹ̀jẹ̀ rárá. Omi dídùn inú òdòdó ni oúnjẹ rẹ̀. Abo náà ń mu omi dídùn yìí, òun ló fi ń ní agbára láti fò. Kí ló wá ń fi ẹ̀jẹ̀ wa ṣe? Ẹyin ni. Omi òdòdó kò ní ohun tó lè di ẹyin. Bí obìnrin tó lóyún ṣe nílò ẹ̀wà, ẹja àti ẹran kí ọmọ inú rẹ̀ lè dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni abo ẹ̀fọn nílò ẹ̀jẹ̀. Èyí tó ń kùn sí yín létí lóru, ìyá tó ń wá oúnjẹ ọmọ ni. Kò ní kí a ṣàánú rẹ̀ o.

Kí ẹ̀jẹ̀ tó lè di ẹyin, ọ̀pọ̀ nǹkan gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ara ẹ̀fọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀. Ikùn gbọ́dọ̀ sọ fún orí pé ẹ̀jẹ̀ ti dé. Orí gbọ́dọ̀ sọ fún ilé ẹyin pé kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Báwo ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀?

Ẹ ronú nípa bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde láti ààfin ọba. Bí ọba bá fẹ́ rí ìjòyè kan, yóò rán ẹnì kan sí i. Ìránṣẹ́ náà yóò gba ọ̀nà lọ tààrà sí ilé kan ṣoṣo, yóò jíṣẹ́, yóò sì padà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan ọ̀pọ̀ ènìyàn, akéde ni yóò jáde. Yóò máa lu agogo láti àdúgbò dé àdúgbò. Gbogbo ènìyàn ni yóò gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn nìkan ni yóò dìde. Bí akéde bá ní kí àwọn ọdẹ péjọ, aláró kò ní fi aró rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀nà méjèèjì yìí wà nínú ara ẹ̀fọn, wọ́n sì wà nínú ara tiwa. Iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ dàbí ìránṣẹ́ tó gba ọ̀nà tààrà. Ó yára gan-an. Bí iná bá jó yín níka, kí ẹ tó ṣẹ́jú, ọpọlọ ti gbọ́. Èyí tó dàbí akéde ni ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní hómónù. Ohun kíún ni. Apá kan ara á tú u sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á gbé e káàkiri, apá tí iṣẹ́ náà wà fún á sì gbọ́.

Àwọn hómónù kan wà tó jẹ́ pé ọpọlọ àti iṣan fúnra wọn ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n dàbí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn kúkúrú. Bí a bá yí ètò ìlẹ̀kẹ̀ náà padà, iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ yóò yí padà. Orúkọ gígùn tí àwọn onímọ̀ fún irú hómónù yìí ni neuropeptide. Kò pọn dandan kí ẹ há orúkọ náà sórí. Ẹ ṣáà rántí akéde àti agogo rẹ̀.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé akéde kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ kòkòrò? Ìtàn rẹ̀ dùn ún gbọ́. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó ń jẹ́ Vincent Wigglesworth. Ó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà fún ìmọ̀ ìlera àti àrùn ilẹ̀ olóoru. Kòkòrò kan tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà ló ń sìn. Rhodnius ni wọ́n ń pè é. Ó ń mu ẹ̀jẹ̀ bí ìdun, ṣùgbọ́n ó tóbi ju ìdun lọ dáadáa. Bí ọmọ kòkòrò yìí bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan yóò bọ́ awọ bí ejò, yóò sì tóbi sí i.

Wigglesworth gé orí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu: kòkòrò yìí lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ oṣù láìní orí. Nígbà tó gé orí rẹ̀ kété lẹ́yìn tó mu ẹ̀jẹ̀, kòkòrò náà wà láàyè, ṣùgbọ́n kò bọ́ awọ mọ́. Nígbà tó fi òmíràn sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó gé orí tirẹ̀, ìyẹn bọ́ awọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní orí. Ó hàn pé láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, orí ti rán iṣẹ́ kan jáde. Ọ̀nà wo ni iṣẹ́ náà gbà? Wigglesworth mú kòkòrò méjì tí kò ní orí, ọ̀kan tí iṣẹ́ ti jáde nínú rẹ̀ àti ọ̀kan tí iṣẹ́ kò tíì jáde. Ó so ọrùn wọn pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ wọn lè máa wọ inú ara wọn. Kò sí iṣan tó so wọ́n pọ̀, ẹ̀jẹ̀ nìkan ni. Àwọn méjèèjì bọ́ awọ! Ní 1934 ló tẹ ìwádìí yìí jáde. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ dájú pé inú ẹ̀jẹ̀ ni akéde náà ń gbà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ẹ̀fọn tiwa. Ó ti wọlé, ó ti bà lé ọmọ lẹ́sẹ̀, ó sì ń mu. Ẹ̀jẹ̀ tí yóò mu lè wúwo tó òun fúnra rẹ̀, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin kan tó jókòó, tó jẹ iyán tó wúwo tó ara rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, tó sì tún ní láti fò kọjá ògiri kí ẹnì kan tó gbá a. Ìṣòro tí ẹ̀fọn ní nìyẹn. Nítorí náà, kó tó mu tán, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí tọ̀. Bí ẹ bá ti fi sùúrù wo ẹ̀fọn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lápá yín, ẹ ó ti rí ẹ̀kán omi kékeré ní ìdí rẹ̀. Omi inú ẹ̀jẹ̀ ló ń dà nù, kí ohun tó wúlò nìkan lè kù. Ti ẹ̀fọn tó ń gbé ibà a máa pupa nígbà mìíràn. Hómónù ló ń pàṣẹ fún apá ara tó ń ṣe iṣẹ́ kíndìnrín fún un pé, "Tú omi dànù!" Simon Maddrell, tí òun náà jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi hàn ní 1963, lára kòkòrò Rhodnius yẹn kan náà, pé hómónù ní ń ṣe iṣẹ́ yìí, àti pé láti inú iṣan ló ti ń jáde. Eṣinṣin tí wọ́n ń pè ní tsé-tsé, tó ń mu ẹ̀jẹ̀ màlúù, ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Lára ti tsé-tsé, akọ àti abo ní ń mu ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn di ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Ta ní ń sọ fún ẹ̀fọn pé ó ti yó? Iṣan ni. Bí ikùn rẹ̀ bá ti wú, awọ ikùn á fà le, iṣan á sì gbé ìròyìn lọ sí orí. Ní 1969, Robert Gwadz ní Amẹ́ríkà gé iṣan tó gba abẹ́ ikùn ẹ̀fọn lọ sí orí. Ẹ̀fọn kò mọ ìgbà tó yó mọ́. Ó mu, ó mu, títí ikùn àwọn mìíràn fi bẹ́.

Ẹ̀fọn tó yó kò fẹ́ rí ènìyàn mọ́. Bí ẹ bá na apá sí i, kò ní bà á. Lákọ̀ọ́kọ́, ikùn tó wú ló ń dá a dúró. Lẹ́yìn náà, bí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà nínú rẹ̀ tí ikùn sì ń fà padà, hómónù á gba iṣẹ́ náà, á sì máa sọ fún un pé kó jókòó jẹ́ẹ́ títí ẹyin yóò fi pọ́n. Ní àkókò yìí kan náà, ọpọlọ ti ké sí ilé ẹyin. Ilé ẹyin náà á tú hómónù tirẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rá inú ikùn á gbọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe oúnjẹ tí a ó kó sínú ẹyin. Bí wọ́n bá gé orí abo ẹ̀fọn kété lẹ́yìn tó mu ẹ̀jẹ̀, ẹyin rẹ̀ kò ní dàgbà. Bí wọ́n bá dúró fún wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó gé e, ẹyin yóò dàgbà. Akéde ti kọjá. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹyin ti pé. Ẹ̀fọn á wá omi, á yé wọn sí i. Ikùn á ṣófo, ìdènà á kúrò, ebi ẹ̀jẹ̀ á tún dé. Alẹ́ ọjọ́ yẹn tàbí ọjọ́ kejì, ó ti padà sẹ́nu ọ̀nà yín.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn ọmọ wa. Ẹ jẹ́ kí a ka ọjọ́. Ká ní ẹ̀fọn mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan tí kòkòrò ibà wà lára rẹ̀. Kòkòrò ibà bá ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹ̀fọn. Ṣé ẹ̀fọn yìí lè kó ibà ran ẹlòmíràn lọ́jọ́ kejì? Rárá. Kòkòrò ibà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dàgbà nínú ẹ̀fọn, kó sì rin ìrìn àjò láti ikùn rẹ̀ dé ibi tí itọ́ ẹnu rẹ̀ wà. Ìrìn àjò yìí ń gba nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹ̀fọn yóò ti yé ẹyin, yóò ti padà wá mu ẹ̀jẹ̀, yóò tún yé, yóò tún padà, bí ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni jíjẹ rẹ̀ á wá di ibà.

Ẹ ṣe àkíyèsí èyí dáadáa. Ẹ̀fọn tó kú kí ọjọ́ 10 tó pé kò lè kó ibà tó gbé ran ẹnikẹ́ni. Hómónù tó ń tì í jáde wá sọ́dọ̀ wa ní ọjọ́ méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, òun náà ló ń fà á wá sínú àwọ̀n wa. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá dé, tó bá ènìyàn lábẹ́ àwọ̀n tó ní oògùn, ó lè kú. Ṣùgbọ́n bí a bá lo àwọ̀n lónìí, tí a ká a sílẹ̀ lọ́la nítorí ooru, tí a tún lò ó lọ́tùn-únla, ẹ̀fọn tó wá lọ́la ti rí ọ̀nà. Àwọn kan ní àwọn kì í ta àwọ̀n bí àwọn kò bá gbọ́ kíkùn ẹ̀fọn. Ẹ̀fọn ibà kì í pariwo púpọ̀, àárín òru títí di ìdájí ló sì ń jẹ jù, nígbà tí ẹni tó yẹ kó gbọ́ ti sùn lọ.

Ẹ̀fọn tó yó wúwo. Ara ògiri ló sábà máa ń bà sí, ibẹ̀ ni yóò ti sinmi. Ìdí nìyí tí ìjọba fi jẹ́ kí wọ́n fín oògùn sára ògiri inú ilé ní àwọn apá kan Ouémé láti 2008, kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ náà lọ sí Atacora lókè ní 2011.

Ọ̀rọ̀ oògùn ara àwọ̀n náà kò rọrùn. Oògùn àtijọ́ ń bá iṣan ẹ̀fọn jà, ó ń mú un gbọ̀n títí yóò fi kú. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀fọn kan kò fi bẹ́ẹ̀ kú mọ́. Ní 2007 ni àwọn onímọ̀, tí Martin Akogbéto ti ilé-ìwádìí kòkòrò ní Kútọnu wà lára wọn, tẹ ìròyìn jáde pé ní Ladji, ní Kútọnu, agbára àwọ̀n ti dín kù púpọ̀. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí wá oògùn tí yóò gba ọ̀nà mìíràn wọlé.

Ọ̀nà kan ni ti hómónù. Hómónù kan wà nínú kòkòrò tó ń bójú tó ìdàgbà rẹ̀ àti ẹyin rẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń pè ní pyriproxyfen ń fara wé hómónù yìí. Akéde èké ni. Ó ń lu agogo ní àkókò tí kò yẹ, ara ẹ̀fọn á dàrú, ẹyin rẹ̀ á sì bàjẹ́. Ọ̀nà kejì ni oògùn tí wọ́n ń pè ní chlorfenapyr. Èyí kò bá iṣan jà, kò sì bá hómónù jà. Agbára inú ara ẹ̀fọn ló ń gbà.

Ìtòsí wa níhìn-ín ni wọ́n ti dán àwọn méjèèjì wò, ní Covè, Zagnanado àti Ouinhi, lódìkejì odò Ouémé. Wọ́n pín àwọn abúlé sí ìsọ̀rí 60. Ní 2020 wọ́n fún àwọn kan ní àwọ̀n olóògùn àtijọ́ nìkan, àwọn kan ní èyí tí wọ́n fi akéde èké kún, àwọn yòókù ní èyí tí wọ́n fi chlorfenapyr kún. Wọ́n sì ń ka iye ìgbà tí ibà ń ṣe àwọn ọmọdé fún ọdún méjì. Èsì náà jáde ní 2023. Bí a bá mú ọmọ 100 fún ọdún kan, àwọn tó lo àwọ̀n àtijọ́ ní ibà ní nǹkan bí ìgbà 103. Àwọn tó lo àwọ̀n akéde èké ní in ní ìgbà 84. Àwọn tó lo àwọ̀n chlorfenapyr ní in ní ìgbà 56. Ẹ rí i pé 56 súnmọ́ ìdajì 103. Ní ti 84, àwọn onímọ̀ sọ pé ìyàtọ̀ náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè jẹ́ àkọsẹ̀bá, wọn kò sì lè búra lé e. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n akéde èké yẹn púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n yan àwọ̀n fún ọmọ mi, ti chlorfenapyr ni n ó mú.

Àwọn obìnrin máa ń béèrè, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé: "Bí oògùn bá ń ba ẹyin ẹ̀fọn jẹ́, ṣé kò ní sọ àwa náà di àgàn?" Kò rí bẹ́ẹ̀. Hómónù tí oògùn yìí ń fara wé kò sí nínú ara ènìyàn. Nínú ara kòkòrò àti àwọn ẹbí rẹ̀ ló wà. Akéde ń ké, ṣùgbọ́n nínú ara wa kò sí ilé tí ó ń ké sí. Àjọ ìlera àgbáyé tilẹ̀ gbà pé a lè fi ìwọ̀n kíún nínú rẹ̀ sínú omi mímu láti fi pa ọmọ ẹ̀fọn.

Àwọn mìíràn ń gbìyànjú láti tan ẹ̀fọn jẹ ní ọ̀nà mìíràn. Ní 2019, Laura Duvall àti Leslie Vosshall pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní New York wá ibi tí hómónù "mo ti yó" ń kàn lára ẹ̀fọn. Wọ́n mú irú oògùn tí wọ́n ṣe láti dín ebi ènìyàn kù, wọ́n fún ẹ̀fọn mu, ẹ̀fọn tí kò mu ẹ̀jẹ̀ rárá sì ń ṣe bí ẹni tó yó, kò wá ènìyàn mọ́. Èyí kò tíì di ohun tí a lè rà lọ́jà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ omi. Lórí òkè pẹrẹsẹ tiwa yìí, omi jìnnà nínú ilẹ̀, a sì ń gbe omi òjò sínú àmù, ìkòkò àti dọ́rọ̀mù. Ẹ̀fọn ibà fẹ́ràn omi tó dúró ní gbangba tí oòrùn ń pa, bí ihò tí a ti wa amọ̀ mọ ilé. Ẹ̀fọn dúdú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àmì funfun, tó ń jẹni lọ́sàn-án, tó sì lè gbé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, inú àmù ló fẹ́ràn. Kì í yé ẹyin sórí omi. Ara àmù, díẹ̀ sókè ibi tí omi dé, ló ń lẹ̀ wọ́n mọ́. Nítorí náà, dída omi nù nìkan kò tó. Ẹ fi kàn-ìnkàn-ìn gbo inú àmù dáadáa kí ẹ tó pọn omi tuntun sí i, kí ẹ sì bò ó. Ẹyin tí ẹ kò gbo kúrò lè gbẹ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù ẹ̀ẹ̀rùn láìkú. Ọjọ́ tí òjò bá tún kún àmù náà, wọn yóò pa.